Mọ́tò àtijọ́ ni mo bá lọ sí Cosford, bàálù kọ́

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí bárékè RAF Cosford lóṣù kẹfà, bàálù ni wọ́n máa ń ní àwọn ń lọ wò, ó sì yé mi, torí òun ni airshow kan ṣoṣo tí ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń ṣe báyìí, èrò a máa wọ́ lọ síbẹ̀ ni. Tèmi yàtọ̀ o. Mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń tò sórí koríko níbẹ̀, àwọn yẹn ni ojú mi ń wá, mo sì fẹ́ sọ fún yín ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, inú bárékè tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe gan-an ló yẹ kó ti lọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. Mẹkáníìkì ni wọ́n, Òkè-Àdó n'Íbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì kan ní Wolverhampton. Wolverhampton sí Cosford ò jìnnà, rélùwéè ló gbé wa débẹ̀. Bá a ṣe wọlé báyìí ni ẹ̀gbọ́n ti gba ọ̀dọ̀ Morris Minor kan lọ, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè wo ọ̀run, bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ̀tì kan ń dún lókè tí ilẹ̀ ń mì tìtì.

Ẹ̀yin tí bàbá àgbà yín ṣe tíṣà tàbí akọ̀wé ṣáájú òmìnira, ẹ máa mọ Minor, ó kéré tán nínú fọ́tò. 1948 ló jáde, Alec Issigonis ló ya àwòrán ẹ̀, ọkùnrin yẹn náà ló padà ṣe Mini ní 1959, Minor yìí sì ni mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe tó pé mílíọ̀nù kan. Èyí tá a rí yìí, ti 1949 ni, wínskíríìnì ẹ̀ pín sí méjì, iná iwájú ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ nínú gíríìlì, tráfíkétọ̀ ẹ̀ kì í sì í ṣe iná tó ń ṣẹ́jú rárá, ọwọ́ kékeré kan ni, tó máa ń yọ jáde látinú òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú, tí mọ́tò bá ti yà tán á padà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bọ́ńpà, wọ́n ní, "Àbúrò, wá wo nǹkan."

Irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín bọ́ńpà yẹn, ẹ máa rí i kedere pé wọ́n fi dí àlàfo ni. Ohun tó fà á ni pé nígbà tó ku díẹ̀ kí mọ́tò yẹn jáde, Issigonis wò ó pé ó tín-ín-rín jù, ló bá ní kí wọ́n gé èyí tó wà nílẹ̀ sí méjì lóòró, wọ́n wá ń fà á kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ínṣì mẹ́rin ló fi fẹ̀ sí i. Bọ́ńpà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n gé òun náà sí méjì, wọ́n fi irin dí àárín ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ máa rí ibi kan tó tẹ́jú gbọọrọ láàárín, ínṣì mẹ́rin yẹn náà ni. Mo nífẹ̀ẹ́ sí irú nǹkan báyìí gan-an, kéèyàn máa rí ìpinnu ọjọ́ kan lára irin lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́rin.

Bàbá òyìnbó tó ni mọ́tò yẹn rí i pé ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò, ló bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn. Inú bárékè yẹn náà lòun ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì bàálù nígbà èwe ẹ̀, torí Cosford, láti 1938 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń tún bàálù ṣe ni. Àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kábúrétọ̀, èmi ò rí ẹnu sọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n bi í níbi tó ti ń rí páàtì, ó ní tuntun ni wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀, èyí tí ò bá sí, òun á rọ ọ́ fúnra òun.

Land Rover tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà ní ìtàn bàálù lára. 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi òun náà hàn aráyé, ní Amsterdam. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, irin wọ́n, ìjọba ló ń pín in fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àlùmíníọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ torí iṣẹ́ bàálù ogun ti dínkù, òun ni wọ́n wá fi ṣe bọ́dì Land Rover. Ìdí nìyẹn tí bọ́dì ẹ̀ kì í fi í dípẹtà, ṣáṣí tó jẹ́ irin ló máa ń jẹrà lábẹ́. Wọ́n tún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kùn ún, ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kun inú bàálù ni.

Èyí tó dá mi dúró jù lọ ni Messerschmitt KR200. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Messerschmitt tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, iléeṣẹ́ tó ṣe bàálù ogun Jámánì tó ń bá Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, jà lójú ọ̀run ní 1940 nìyẹn. Lẹ́yìn tí Jámánì ṣubú, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ ṣe bàálù mọ́, ìgbà yẹn ni Fritz Fend, ẹnjiníà kan tó ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré fáwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara, wá bá wọn pé kí àwọn jọ ṣe mọ́tò ní iléeṣẹ́ wọn ní Regensburg. KR200 jáde ní 1955, wọ́n ń ṣe é títí di 1964. Táyà mẹ́ta ló ní, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 191cc, ìyẹn fi díẹ̀ ju ti ọ̀kadà lọ. Kò ní ilẹ̀kùn o! Òrùlé ẹ̀ tó mọ́ gaara lódindi ni wọ́n máa ń gbé ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìdérí ìkòkò, wàá wá gbẹ́sẹ̀ wọlé, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ẹ ẹ̀yìn ẹ ló máa jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ. Sitiárín ẹ̀ ò rí roboto, ọ̀pá tí wọ́n tẹ̀ ni. Kò ní jíà rìfáásì, tó o bá fẹ́ padà sẹ́yìn, wàá pa ẹ́ńjìnnì, wàá wá tan án kó máa yí sódì, gbogbo jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o fi ń lọ síwájú ló sì máa ṣiṣẹ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹni tó ni ín ṣe é kí àwọn rí i, ó sì ṣe é lóòótọ́, bí jẹ́ẹ̀tì ṣe ń ké lókè tó mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ lójú ọ̀run mọ́.

Jaguar E-Type pupa kan wà níbẹ̀ náà, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ jù, mi ò pẹ́. 1961 ló jáde, Malcolm Sayer tó ya bọ́dì ẹ̀, iléeṣẹ́ bàálù ti Bristol ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dé Jaguar, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara nǹkan kọjá ni iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá wo mọ́tò yẹn láti ẹ̀gbẹ́ á ti mọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ la wá dé ọ̀dọ̀ Bedford kan tí wọ́n kùn ní búlúù àwọn ọmọ ogun òfúrufú. Ẹ̀yin ará ilé, bọ́lẹ́kájà nìyẹn! Imú yẹn náà ni, pákó tí àwọn kápẹ́ńtà wa ń kàn sẹ́yìn ẹ̀ nìkan ni ò sí níbẹ̀. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, náà wà, ó tó mẹ́ta. Àmọ́ Peugeot 504, mo wá a títí, mi ò rí i, ó sì ń dùn mí, torí mọ́tò tó tọ́ wa dàgbà nìyẹn. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá n'Ọ́jọ́ l'Ékòó. Ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì 504 palẹ̀ lábẹ́ igi tó sì máa tò ó padà kó tó di ìrọ̀lẹ́ ṣì wà n'Íbàdàn, l'Áàbà, ní Kàdúná, àwọn àgbà wọn ti ń tán lọ, kò sẹ́ni tó ń tẹ́ koríko fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn káráyé wá wò ó. Ó wù mí kí àwọn ọmọ ogun òfúrufú wa ṣí géètì bárékè Sam Ethnan n'Íkẹjà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́dún, kí wọ́n gbé bàálù tiwọn síta, kẹ́ni tó ní 504 tàbí Ìjàpá tó dáa gbé e wá, kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì dúró tì í, káwọn ọmọdé máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo ti sọ ọ́ fáwọn kan tí mo mọ̀ nílé, n ò sì ní yé sọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Cosford, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í tà á ní géètì. Ẹ gbé àga tó ṣeé ká dání. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ wo mọ́tò, kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ni mọ́tò náà á fẹ́ wo bàálù tó bá yá, ẹ ò ní rẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀. Mùsíọ́ọ̀mù RAF tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè yẹn, ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ mìíràn, ibẹ̀ sì nìkan lẹ ti lè rí Valiant, Victor àti Vulcan, bàálù ajubọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, pa pọ̀ lójú kan. Bẹ́ ẹ bá sì rí Minor tí iná ẹ̀ wà nínú gíríìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo bọ́ńpà ẹ̀.