Àǹtí Kámẹ́rà, níbo ni iye owó ẹja wà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé irú kámẹ́rà wo ni kí ẹ rà. Mi ò ní dáhùn ìyẹn lónìí. Kámẹ́rà tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àgbàwá ni. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, òun náà sì ti há lójú. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí, kò sí èyí tí kámẹ́rà olówó ńlá ì bá gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjà Olúwo ni wọ́n ti kọ́ mi ní èyí tó le jù. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja, àrọ̀ àti ẹja yíyan, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Bó ṣe gbọ́ pé mo ti di oníkámẹ́rà, ó sọ mí ní Àǹtí Kámẹ́rà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n ṣe fídíò kan fún òun, kí àwọn ará Ajah àti Ìkẹjà lè mọ̀ pé òun ń fi ẹja ránṣẹ́ sílé oníbàárà. Mo ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Mà.”

Àárọ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jí lọ sétí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ya oòrùn bó ṣe ń yọ lórí omi. Mo ya ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀ látinú kùrukùru, mo ya ọwọ́ apẹja bó ṣe ń tú àwọ̀n, gbogbo ẹ̀ ní slow motion, mo wá fi fèrè sí i lábẹ́, fèrè tó ń dunni lọ́kàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó, wọ́n pariwo. Inú mi dùn débi pé mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ wò ó, ìdí àtẹ ló wà. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró, ó mú fóònù ẹ̀, tí ojú ẹ̀ ti sán, ó sì fi ìdérí abọ́ ẹja ṣíji bò ó nítorí oòrùn. WhatsApp ni mo fi fi fídíò náà ránṣẹ́, WhatsApp sì ti fún un pọ̀ kó lè kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Kùrukùru tí mo fi gbogbo ara yà ti di àbùlà eérú. Ariwo ọjà ò jẹ́ kó gbọ́ fèrè rárá. Síbẹ̀ ó wò ó dópin, torí pé ọmọlúwàbí ni. Ó wá gbójú sókè.

“Ó dáa o. Ó mà dáa. Ṣùgbọ́n, Àǹtí Kámẹ́rà, níbo ni iye owó ẹja wà?”

Mi ò fèsì.

“Nọ́ńbà mi ńkọ́? Ẹja gan-an dà?”

Mo padà lọ kà á nílé. Nínú gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá péré ni ẹja fi hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá yìí ṣe lójú mi lọ́jọ́ náà ló dùn mí jù. Ó gbé fóònù fún ọmọ tó ń bá a tajà, ó ti ọwọ́ bọ abọ́, ó di àrọ̀ kan mú lẹ́yìn orí, ẹja náà ń jà, ó ń ta omi sójú fóònù, ìyá bá figbe ta: “Ẹ wò ó! Ó ń mí! Ẹ̀pẹ́ ló ti ń bọ̀, ẹ ò ní fowó yìnyín ra ẹja lọ́wọ́ tèmi!” Ó pe iye owó, ó ka nọ́ńbà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Ó gbé e sórí status. Mi ò tíì jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n rà fún mi tán tí èèyàn méjì ti pè é.

Mo bínú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo lọ sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé àwọn oníṣòwò wa ò mọ iṣẹ́ ọnà. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé mi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo ṣe fídíò yẹn fún, owó ìyá ẹlẹ́ja ni mo fi ṣe é. Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, mo máa ń bi ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi pé: ta ló máa wò ó? Orí kí ló ti máa wò ó? Tó bá wò ó tán, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Bí a ò bá tíì rí ìdáhùn mẹ́ta yìí, mi ò tíì gbowó. Ìdáhùn ìyá ẹlẹ́ja rọrùn: àwọn ìyá ilé, orí fóònù, kí wọ́n pe òun. Ìyẹn ló sọ fún mi pé òòró ni fídíò gbọ́dọ̀ dúró, kì í ṣe ìbú. Pé kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 30, torí ibẹ̀ ni status WhatsApp ń gbà dé nígbà yẹn. Pé ìkọ̀wé inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ohùn nínú mọ́tò tàbí ní ibi iṣẹ́.

Mo padà lọ ṣe òmíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹja tó ń jà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo yọ́ kùrukùru mi fi sí i níbì kan, ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọkàn mi ò jẹ́ kí n jù ú nù. Kò bá mi jà sí i.

Ṣọ́ọ̀bù agẹrun ni mo tún ti jẹ ìyà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Mo ya iṣẹ́ náà láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, lójú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà ó dáa. Mo délé, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ìlà dúdú gbọọrọgbọọrọ ń yí lọ sókè nínú gbogbo ẹ̀, bí ẹni ń yí aṣọ. Mo rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Iná ni. Iná ìjọba wa, 50 Hz ni: ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gílóòbù tó wà lára ẹ̀ ń mọ́, ó ń ṣú ní àlọ, ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àbọ̀, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú èèyàn ò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Kámẹ́rà tí mo yá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á wá, 60 Hz ni wọ́n ń lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò ó: NTSC, ìlànà fídíò tiwọn, àti shutter, ìyẹn àsìkò tí kámẹ́rà fi ń lajú sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ní 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wọ inú menu lónìí, ẹ yí i sí PAL, ìlànà tó bá iná 50 Hz mu, kí ẹ fi frame, ìyẹn iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sí 25 tàbí 50, kí shutter jẹ́ 1/50 tàbí 1/100. Ìlà á lọ.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo padà lọ, ìlà tún yọjú. Ìdí ni pé wọ́n ti mú iná lọ́jọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké yìí gbọ́dọ̀ yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí iná wọn tó jẹ́ 50 Hz geere. Bí agẹrun bá tan clipper, tí ẹlòmíràn tan fáànù, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kérora. Bó ṣe ń kérora yẹn, iná ẹ̀ ti kúrò ní 50. Kò sí shutter tó lè máa sá tẹ̀ lé e kiri. Ohun tí mo ṣe kò gba owó kankan. Mo ní kí wọ́n pa gílóòbù, mo yí àga agẹrun kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo fi aṣọ funfun kan kọ́ sí òdìkejì kí ó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníbàárà. Fídíò yẹn ṣì wà lórí ojú ìwé wọn di òní. Ọ̀pọ̀ ló ń bi wọ́n pé irú iná wo ni wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ ohùn, mo lè sọ ọ́ di àárọ̀ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan péré. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dáwọ́ jọ pé ká ṣe fídíò lórí ọdún Káyòkáyó, èyí tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe kúrò l’Ékòó ní 1851 tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá àgbàlagbà kan gbà láti sọ ìtàn náà fún wa. Àwa ọlọ́gbọ́n, a gbé e lọ sétí ọ̀sà, kí omi lè hàn lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó kọrin, ó da omijé lójú díẹ̀. Máíkì orí kámẹ́rà la lò, a ò fi headphone sétí gbọ́ bí ohùn ṣe ń wọlé. Ìgbà tá a délé, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ ìtàn Kòsọ́kọ́ fún wa. A gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti orógbó padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Bàbá gba orógbó. Ó ní, “Ohun tí mo sọ lánàá, mo ti sọ ọ́.”

Máíkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, tó ní irun bíi ti ológbò lórí, kò wọ́n tó lẹ́ǹsì. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí ẹ ò bá sì tíì ní in, ẹ gbé fóònù kejì sí àpò àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó máa gba ohùn, ẹ ó so ó pọ̀ mọ́ àwòrán nílé. Kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Orin: ẹ má gbé orin olórin sábẹ́ ìpolówó ẹlòmíràn. Òfin Copyright Act 2022 wà, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ọ̀dọ̀ yín, Facebook á ti pa fídíò oníbàárà yín lẹ́nu mọ́, oníbàárà náà á sì bi yín pé kí ló dé. Ẹ wá onílù kan ládùúgbò, ẹ san owó fún un, ẹ gbà á sílẹ̀. Mo ní ìlù gángan tí mo ti lò nínú iṣẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ní kí n ya aṣọ òun fún òun, òun máa “rí mi”. Mo ya á. Ó ní kí n ṣe díẹ̀ sí i. Mo ṣe é. Ó ní kí n yí orin padà, kí n yọ ọmọbìnrin aláwọ̀ pupa yẹn torí pé wọ́n ti jà. Ìgbà keje, mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ tú wa ká, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù, torí mi ò sọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Báyìí, àtọ̀rẹ́ àti àjèjì, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ìlà mẹ́rin: ohun tí mo máa ṣe, ọjọ́ tí yóò tán, àtúnṣe méjì péré, ìdajì owó kí n tó jáde nílé. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, mo máa ń kọ iye tó yẹ kó jẹ́, mo á wá kọ “ọ̀fẹ́” síwájú ẹ̀, kó lè mọ ohun tí mo fún un.

Èyí tó kù yìí, mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Wọ́n bí ọmọ fún ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí n wá ya ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ilé kún. Ààfáà ṣàdúà, ó pe orúkọ sí ọmọ létí, lẹ́yìn náà ni ìyá bàbá ọmọ gbà á, ó gbé e sí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo súnmọ́ wọn, mo ya á dáadáa. Lọ́jọ́ kejì mo níṣẹ́ mìíràn, mo rò pé mo ti kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo fọ káàdì kámẹ́rà, ìyẹn ni pé mo format ẹ̀. Mo ti ya iṣẹ́ tuntun fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rántí pé káàdì kejì ni mo kó.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ yọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ya ohunkóhun lé e mọ́. Kámẹ́rà tó bá fọ káàdì sábà máa ń pa àkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan wà rẹ́ ni, àwòrán fúnra ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí tí òmíràn yóò fi gorí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni PhotoRec, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn wá ohun tó ti pa rẹ́ padà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó bá mi wá ààfáà padà, ó wá ìrẹsì, ó wá gbogbo ijó. Ibi tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo yà lé e lórí bọ́ sí ni oríkì wà.

Mo lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Mo dá owó wọn padà, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Ìyá náà ní kò sí nǹkan kan, òun ṣì wà láàyè, òun á tún un kì. Kó tó di pé mo padà lọ yà á, ó ti kú.

Káàdì mi ní àpò méjì báyìí, funfun fún èyí tó ṣófo, pupa fún èyí tó níṣẹ́. Kò sí èyí tó ń kúrò nínú pupa àfi bí mo bá ti rí iṣẹ́ náà lójú mi níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí mo sì ti ṣí i wò.

Ìyá ẹlẹ́ja ṣì ń pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó tún pè, kò tiẹ̀ kí mi. “Àǹtí Kámẹ́rà, owó ẹja ti lé. Wá bá mi yí i nínú fídíò yẹn.” Mo ní, “Ẹ fi iye ẹ̀ ránṣẹ́, Mà.” Ó ní kí n má gbàgbé láti fi kùrukùru yẹn síbẹ̀ o, oníbàárà òun kan ní Ìkẹjà fẹ́ràn ẹ̀.