Òyìnbó Tó Bá Wa Ná Ọjà ní Ìtòkú

Àdìrẹ tí ẹ̀gbọ́n mi tà gbẹ̀yìn ní ọjọ́ Sátidé yẹn, òun nìkan kọ́ ló tà á. Òyìnbó kan bá a dá sí i. Òyìnbó ọ̀hún ò tẹ Abẹ́òkúta rí láyé rẹ̀. Inú fóònù mi ló wà, ìṣirò ló sì ń kọ́ mi.

Bàbá Bísọ́lá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà, ló fi kakulétọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, torí ọmọ náà fẹ́ ṣe SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe irú èyí tí alápatà fi ń ṣírò owó ẹran o. TI-84 Plus ni. Bátìrì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló ń jẹ, ó sì ń fúnra rẹ̀ ya gíráàfù: èèyàn á tẹ Y=, á kọ ìṣirò rẹ̀ sí i, á tẹ GRAPH, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹ̀rọ. Èmi tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ ní Ìbarà, ìwé gíráàfù àti pẹ́ńsù ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Tí a bá fẹ́ ya sine láyé ìgbà tiwa, a á kọ́kọ́ ṣí four-figure table, a á to àmì sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, a á wá fọwọ́ so wọ́n pọ̀. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n ti gba òdo.

Bísọ́lá wá gbé ẹ̀rọ náà tọ̀ mí wá. "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ kọ́ mi." Ta ló máa sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí? Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi, mo wá ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán kakulétọ̀ náà gan-an ni wọ́n gbé sójú fóònù, èèyàn lè máa fìka tẹ̀ ẹ́. Obìnrin òyìnbó kan á máa sọ ohun tí èèyàn máa ṣe, á bi í ní ìbéèrè, á sì máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ìtòkú ni mo jókòó sí, torí ibẹ̀ ni iná wà. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń fi kùmọ̀ lu aṣọ tí wọ́n ti pa láró kó lè dán, gbì-gbà, gbì-gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú fóònù. Mo ní ariwo kùmọ̀ ni, mo bá yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, mo sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé fóònù mi ti lọ so mọ́ sípíkà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọrin pe oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti jọ mọra láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan. Bí wọ́n ṣe ń tan sípíkà báyìí, fóònù mi kì í bi mí kó tó bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ ní kí n ya sin(x). Mo tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ ọwọ́ mi. Ti ojú fóònù ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó lẹ́wà. Tọwọ́ mi nà gbalaja bí ẹni tó jẹ láfún yó lọ́sàn-án. Wọ́n ní èló ni Y nígbà tí X bá jẹ́ 2? Ẹ̀rọ ọwọ́ mi ní 0.0349. Mo kọ ọ́, ó já mi. Mo kọ 0.035, bóyá wọ́n fẹ́ kí n gé e kúrú. Ó tún já mi. Wọ́n ní kí n yẹ wíńdò mi wò, ìyẹn ibi tí gíráàfù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: láti -10 dé 10, bó ṣe yẹ kó wà náà ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rò ó fún mi ni mo ṣe ń rò ó yìí.

Màdáàmù kan wá ra àdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi pe ọ̀pá márùn-ún ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógún. Màdáàmù ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

Sípíkà ní: "Incorrect. Try again."

Màdáàmù wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò yíká, àmọ́ oníṣòwò ni, kò sọ̀rọ̀. Màdáàmù rọra ní, "Ó dáa, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Incorrect. Try again."

"Ta lẹ fi síbẹ̀ tó ń dá sí ọ̀rọ̀ wa?"

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó la ẹnu, sípíkà ní: "Check your window!"

Màdáàmù figbe ta, ó sáré lọ sídìí jíìpù rẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì. Ẹ bá mi gbọ́ o: gíláàsì ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, báàgì rẹ̀ sì wà lórí ìjókòó. Ó gbé báàgì há abíyá, ó yí gíláàsì sókè, ó padà wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

"Ìyá aláṣọ, kí nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ tuntun tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni, Màdáàmù. Kì í parọ́."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Bísọ́lá ti dé. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn igun, degree àti radian. Òun ló yí i sí degree lánàá, torí nígbà tó wà ní radian, sin(30) ń fún un ní -0.988 dípò ìdajì tí tíṣà wọn ní kí wọ́n máa rí. Bẹ́ẹ̀ sine degree mẹ́wàá ò ju 0.174 lọ, kí ni gíráàfù fẹ́ fi dìde? Ó tẹ MODE, ó dá a padà sí radian, ìlà náà sọ jí. Y di 0.909. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màdáàmù ní, "Ẹgbẹ̀rún méjìlá, tọkàntọkàn."

"Correct! Excellent work!"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ sípíkà. Ó di aṣọ mẹ́ta lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ń jó. Ìgbà yẹn ni Bísọ́lá wá rántí sọ fún mi pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe SAT báyìí, pé wọ́n ti gbé Desmos, tó ń ya gíráàfù, sínú ìdánwò náà fún gbogbo ọmọ. Kò pọn dandan kéèyàn mú kakulétọ̀ tirẹ̀ dání. Mo wò ó, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ wa. Ó ti fa ìwé onígbèsè yọ lábẹ́ tábìlì, ó ń fìka wá orúkọ. "Tíṣà, bá mi sọ fún òyìnbó yẹn, ìyá kan wà ní Láfẹ́nwá tó ti jẹ mí lówó láti Iléyá. Kó bá mi bi í pé ọjọ́ wo ló ń san án."