Ẹ Wọn Mọ́tò Kí Ẹ Tó Ra Rím: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Camry Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rím mọ́tò rẹ̀, kó kọ́kọ́ mú rúlà, kó tó mú owó. Camry 2008 ni mò ń wà n'Íbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, rím íǹsì 16 ló sì bá wá. Nígbà tó wù mí kí n gbé e sórí 17, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fọ́kanáísà tó ń tọ́jú táyà mi kò jẹ́ kí n dé ọjà láìmọ àwọn nọ́ńbà mọ́tò mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má rà á nítorí dídán rẹ̀." Ohun tó kọ́ mi, àti ohun tí mo ti fojú rí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ látìgbà náà, ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ àti ìyàwó là ń kó sínú mọ́tò wọ̀nyí.

Èyí tó lè pani nínú gbogbo rẹ̀ ni PCD, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù. PCD ni ìbú òbíríkítí tó gba àárín gbogbo ihò nọ́ọ̀tì rím. Ti Camry Muscle jẹ́ ihò 5 lórí 114.3 mm, ìyẹn 5x114.3. Rím tòkunbọ̀ tó kún ọjà wa láti ara Mercedes, Volkswagen àti Audi sábà máa ń jẹ́ 5x112. Ẹ wo bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó! Tí ẹ bá wọn láti àárín sítọ́ọ̀dù kan (irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) dé àárín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti 114.3 á fún yín ní 67.2 mm, ti 112 á fún yín ní 65.8. Ìyàtọ̀ 1.4 mm nìyẹn. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ontajà fi lè gbé rím Mercedes lé họ́ọ̀bù Toyota, ìyẹn irin tí rím ń jókòó lé, kó fi sípánà fún nọ́ọ̀tì, kó sì sọ fún yín pé ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́.

Lóòótọ́, nọ́ọ̀tì á wọlé. Ṣùgbọ́n kò ní jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò fi gbára lé. Sítọ́ọ̀dù á tẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá sì yí ni yóò máa jẹ ìyà náà, títí nọ́ọ̀tì á fi tú tàbí tí sítọ́ọ̀dù á fi já. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ mọ́tò kan wá tí sítọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti já méjì, rím 5x112 ló wà lára rẹ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni awakọ̀ náà ti ń bọ̀. Ọlọ́run ló kó o yọ.

Nítorí náà, ẹ yí rím dojú bolẹ̀, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rím ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára: bíi 17x7J (íǹsì 17 ni gíga rẹ̀, 7 ni fífẹ̀ rẹ̀), ET45 (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú), 5x114.3. Tí wọn kò bá kọ PCD síbẹ̀, ẹ wọn ihò méjì tó tẹ̀ léra láti àárín dé àárín, kí ẹ fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. Kálípà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, nítorí tépù télọ̀ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ 1.4 mm. Ẹ má sì rò pé gbogbo Toyota bára mu: Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro wa, 5x100 ni.

Ihò àárín rím náà ní tirẹ̀. Ti Camry mi jẹ́ 60.1 mm, ti Honda Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion jẹ́ 64.1. PCD àwọn méjèèjì dọ́gba, síbẹ̀ rím Camry kò ní gba orí họ́ọ̀bù Honda, ti Honda á sì máa mì lórí họ́ọ̀bù Camry àyàfi tí ẹ bá fi òrùka dí àlàfo náà. Ọ̀pọ̀ rím tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mọ́tò ni ihò àárín wọn tóbi, kí wọ́n lè bá oríṣiríṣi mọ́tò mu. Ẹ béèrè òrùka tó bá nọ́ńbà yín mu. Òrùka yìí kò wọ́n rárá, àìsí rẹ̀ ló sì máa ń mú kí sítíárìn gbọ̀n lọ́wọ́ bí eré bá ti ń sún mọ́ 100, tí ẹni tó ni mọ́tò á wá máa náwó lórí balancing láìrójútùú ọ̀rọ̀.

Offset, ìyẹn ET, ló ń sọ bóyá ẹsẹ̀ mọ́tò á wọ inú tàbí á yọ síta. Rím tí Camry mi bá wá fẹ̀ tó íǹsì 6.5, ET45. Wọ́n fi 18x8 ET35 hàn mí lọ́jà, ó dára lójú gan-an. Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀: yóò yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 29 mm, yóò sì fi 9 mm sún mọ́ shock absorber nínú. Tí awakọ̀ bá dá wà nínú mọ́tò, ó lè má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ kẹ́rù sí búùtù, kí ẹ wá bọ́ sí kòtò kan: ibẹ̀ ni táyà á ti máa ha etí fẹ́ńdà. Àwọn kan á ní kí pánẹ́bítà fi òòlù tẹ etí fẹ́ńdà wọlé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo ra 17x7 ET45, tó kàn fi nǹkan bíi 6 mm lé sínú àti síta.

Táyà ńkọ́? 215/60R16 ni ti ilé iṣẹ́ (215 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 fífẹ̀ náà, rím íǹsì 16 ló sì ń wọ̀), gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 664 mm. 225/50R17 tí mo mú jẹ́ 657. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ba aago eré jẹ́. Bí táyà bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀, aago á máa sọ pé ẹ ń sá 100 nígbà tí ẹ ti kọjá rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n náà ni agbára ẹrù: 94 ń gbé 670 kìlógíráàmù, 95 tó wà lára ti ilé iṣẹ́ ń gbé 690, 98 ń gbé 750. Mo fi 94 sílẹ̀, mo mú 98. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní òpin àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Ní ti táyà tòkunbọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Òfin kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n kó o wọ Nàìjíríà.

Mo mọ̀ pé 18 àti 19 ló ń wu àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà 215/60 ga tó 129 mm, ti 225/45 orí rím 18 kò ju 101 lọ. Àlàfo yẹn ló ń dáàbò bo rím nígbà tí ẹ bá já sínú kòtò lójijì. Ní ìgbà òjò, táyà fífẹ̀ tún máa ń léfòó lórí omi kíákíá ju tín-ín-rín lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà wa ni ẹ ń gbà lójoojúmọ́, 17 ti tó.

Kí fọ́kanáísà tó fi táyà sínú rím, ẹ kọ́kọ́ gbé rím lásán kọ́ ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ rí i pé kò kan kálípà bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ontajà kì í gbà á padà mọ́ tí táyà bá ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé pa inú fẹ́ńdà àti etí rẹ̀, ẹ kó èèyàn sínú mọ́tò, ẹ yí sítíárìn délẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹ yí i délẹ̀ sósì, ẹ gorí ìdíwọ́ eré (bump). Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé náà bá ti pa rẹ́ ni táyà ti ń ha.

Nọ́ọ̀tì tó bá rím alloy Toyota wá ní wáṣà pẹlẹbẹ lábẹ́. Rím ìta sábà máa ń fẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí òkòtó. Ẹ ra tuntun, M12x1.5. Agbára tí a fi ń dè é lórí Camry yìí jẹ́ 103 Nm, kí ẹ sì tún un dè lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà. Spare táyà àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù mi, nítorí gíga rẹ̀ kò jìnnà sí ti tuntun. Ẹni tó bá gba ìwọ̀n tó yàtọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wá spare tó bá a mu lọ́jọ́ kan náà tó ń ra mẹ́rin yòókù.