Jíìpù Tó Lé Tìróò Lọ Síbi Ìdána

Ọmọ alájọgbélé mi kan, tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, ló kọ́kọ́ bú ọkọ̀ mi. Ó dúró níwájú jíìpù, ó fi ìka ra bọ́ńpà rẹ̀, ó wo ìka ọ̀hún, ó ní, "Dádì Táyé, ọkọ̀ yín ò pa ìpara."

Kò parọ́. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe jíìpù yẹn. Funfun ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn, ike gbọọrọ tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ìdí mírọ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, dúdú ni gbogbo wọn. Ìyẹn nígbà tí mo rà á o. Ní Kubwa, l'Àbújá, tí mò ń gbé, igi máńgòrò kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà wa, lanlọ́ọ̀dù ló sì ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni tèmi fi jókòó sójú oòrùn. Dúdú di eérú, eérú di funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ iléèwé nínú ọyẹ́.

Mo ti gba kádàrá lórí ọ̀rọ̀ náà kí ìyàwó mi tó sọ pé màmá òun ń bọ̀ láti Òṣogbo. Ọmọ àbúrò wọn kan fẹ́ ṣe ìdána ní Gwarinpa, àwa la máa gbé wọn débẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó wọlé.

Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ní ìta wa ní òróró kan tí wọ́n máa ń fi pa ike. Mo mọ òróró yẹn dáadáa. Tí o bá wakọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn, wàá rò pé ọkọ̀ tuntun lo rà. Òjò kan ṣoṣo, ó ti bá àgbàrá lọ. Mo wá gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ara ọkọ̀ lọ. Ojúlówó èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ike àti rọ́bà wà níbẹ̀, nínú ìgò tí kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ọmọ tó ń tajà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Mo bi í bóyá ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ nílé ni ọgbọ́n dé. Kí làwa máa ń fi pa nǹkan dúdú tó bá ti ṣá? Pólíìṣì bàtà ni! Bàtà kan ṣoṣo tí mo wọ̀ láti fọ́ọ̀mù kìíní dé ìkẹta, ṣebí pólíìṣì ló gbé e dúró, nítorí awọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo ra àgólo mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti ìgò yẹn. Inú mi dùn débi pé mo ra súyà.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo bọ́ṣọ, mo ku ṣókótó péńpé. Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo ki fóònù bọnu, mo fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ríran. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti pólíìṣì wọ gbogbo ìlà ara bọ́ńpà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ nù ún, mo tutọ́ sí i díẹ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe sí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún nù ún. Ike yẹn ń mu pólíìṣì bí ìgbà tí ọ̀mùtí bá rí ẹmu ọ̀fẹ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti ń rí eyín ara mi lára bọ́ńpà.

Ó wá ku díẹ̀ nísàlẹ̀ àgólo kẹta. Ṣé kí n dà á nù ni? Mo fi pa rọ́bà etí fèrèsé. Mo fi pa rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká. Mo fi èyí tó kù pa ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́bà àti ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn.

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní, "O ti ra òmíràn ni?" N ò dá a lóhùn. Mo jẹ́ kó sun oorun ìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ìka tẹ bọ́ńpà wò: ó le koránkorán, kò ràn mọ́ mi lọ́wọ́ rárá. Màmá jáde síta nínú léèsì funfun. Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé funfun ni aṣọ ẹbí. Funfun báláú, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ sánmà. Màmá yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ọkọ̀ yín ń dán bí ojú ìyàwó." Ìyàwó mi gan-an rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbá kọ́là mi sókè, mo wakọ̀ gba Dutse àti Dawaki kọjá bíi gómìnà.

Oṣù Kẹta ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń gbé Àbújá mọ ohun tí ooru oṣù Kẹta ń jẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá wò. Ojú oòrùn gangan ni mo gúnlẹ̀ sí, nítorí àwọn tó tètè dé ti gba gbogbo ìbòòji. Ohun tí n ò sì rò rárá ni pé ìda ni wọ́n fi ń ṣe pólíìṣì bàtà, ìda pẹ̀lú òróró àti àwọ̀ dúdú. Ìda sì ń yọ́ nínú ooru, bíi ti àbẹ́là. Bàtà ń rìn lábẹ́ tábìlì, kì í jókòó sórí gbàgede ní aago kan ọ̀sán.

Àwọn ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìròyìn wá. Mo ní kí wọ́n lọ mú omi wá nínú ọkọ̀. Wọ́n mú omi dé o, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn dà bí ọwọ́ ẹni tó ń ta èédú. Kẹ́hìndé tilẹ̀ ti rí ibi nu tirẹ̀ sí. Mo wo ẹ̀yìn ìyàwó mi: ìka márààrún, ó pé pérépéré.

Kí n tó rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó jáde lọ gba ìpè lórí fóònù. Àgbà ni wọ́n, agbádá wọn funfun, wọn ò sì lè dúró pẹ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà níta, bọ́ńpà mi ni wọ́n fìdí tì. Wọ́n sọ̀rọ̀ wọn tán, wọ́n wọlé, alága ìjókòó sì ní kí wọ́n wá gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Bàbá kọjú sí ọkọ àti ìyàwó, wọ́n kọ̀yìn sí gbogbo wa.

Ìlà dúdú méjì. Ó tẹ́ gbọọrọ ní ìdí agbádá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí àmì tí tíṣà ìṣirò máa ń fà kó tó kọ ìdáhùn. Ọmọ kan lẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, bàbá yẹn dọ́gba pẹ̀lú kí ni?"

Gbogbo àmín tí mo ṣe sí àdúrà yẹn, inú ańkáṣíìfù ni mo ti ṣe é.

Ẹnì kan sá wọlé, ó sọ nǹkan sí alága létí. Alága gbé maikí sẹ́nu: "Ẹ dákun, ta ló ni jíìpù funfun tó wà níta yẹn? Ó lé tìróò, ó sì ń sunkún!"

Bí èrò ṣe tú jáde nìyẹn. Èmi náà bá wọn jáde, mo bá wọn pòṣé, mo tilẹ̀ bá wọn béèrè pé irú èèyàn wo ló ń ṣe irú eléyìí. Dúdú ti ń ṣàn láti ìdí mírọ̀ wá sára ilẹ̀kùn funfun, ó já sísàlẹ̀ ní omijé omijé. Eruku ọ̀nà ti lẹ̀ mọ́ bọ́ńpà, ó dà bí àkàrà tí wọ́n yí nínú gàrí. Mo ṣì ń mi orí lọ ni Màmá já dé. Wọ́n ti lọ gbé báàgì wọn nínú ọkọ̀ nígbà kan, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn sì ti fa ìlà kan fún wọn láti èjìká ọ̀tún dé ìbàdí òsì. Bẹ́líìtì ọkọ̀ gan-an ni. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kankan ò lè dá wọn dúró lọ́jọ́ náà.

Wọn ò pariwo. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo léèsì, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ká ní wọ́n bú mi ni, ìyẹn ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà lọ sílé, lórí aṣọ tí mo tẹ́ sórí àga, n ò lè kọ ọ́ síbí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá àwọn tó ń fọ ọkọ̀. Ọ̀gá wọn fi ìka kan án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kígbe: "Oga, wannan mota ce, ba takalmi ba!" Pé mọ́tò lèyí, kì í ṣe bàtà. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀rín. Mo ní kó fi kẹrosíìnì nù ún kíá, ó kọ̀, ó ní ńṣe ni rọ́bà máa wú. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló fi ṣe é, wákàtí méjì gbáko, owó ìfọ̀ mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn apakọ̀lọ́dà ní Apo, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló wá wò ó sàn. Ó mú ẹ̀rọ kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní sàlúùnù, ṣùgbọ́n ooru tirẹ̀ lè yan ẹran. "Ẹ̀gbọ́n, dúdú yẹn ò lọ síbì kankan. Oòrùn ló jẹ awọ òkè, tó sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Dúdú wà nísàlẹ̀ tó ń wò yín." Ó ń fẹ́ ooru náà lọ sí i, kò jẹ́ kó dúró lójú kan, kò sì jẹ́ kó sún mọ́ ọ̀dà. Bó ṣe ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni eérú ń parẹ́, tí dúdú ń yọ, bí ìgbà tí wọ́n fi omi nu síléètì. Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀. Ó kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àṣà, pé ike náà ní iye ìgbà tó lè fara dà á. Rọ́bà ńkọ́? Ó ní kò sí iná fún rọ́bà, kí n lọ ra nǹkan inú ìgò tí wọ́n ṣe fún un.

Ìgò kékeré yẹn náà ni. Ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ọmọ tó ń tajà dá mi mọ̀, ó bi mí bóyá mo ti wá gbé ẹ́ńjìnnì mi.

Ọkọ̀ náà dúdú níbi tó yẹ kó dúdú báyìí, mo sì ti ra ìborí fún un. Nígbà tí Iléyá dé, Màmá tún wá. Láàárọ̀ ọdún, wọ́n jáde síta láti bá wa lọ yídì: bùbá dúdú, ìró dúdú, gèlè dúdú, bàtà dúdú. Àyà mi já. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Ìbejì. Ọkọ̀ yín ni mo fẹ́ wọ̀."