Ìbéèrè tí wọn kò bi mí ní Àkóbọ̀

Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi fi dá mi lóhùn nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ìjọba máa fún mi ní 10,000 dọ́là torí pé mo fẹ́ kọ́lé. "Ìwọ ọmọ Ọjà'ba? Ta ló fẹ́ fún ẹ lówó ilé? Àbí o ti ń ṣòṣèlú níbẹ̀ yẹn ni?" Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ilé tiwọn ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn tó wá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lójú ìpìlẹ̀ ni kò lóǹkà.

First Home Owner Grant ni wọ́n ń pe owó náà, ìyẹn owó ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ní ilé àkọ́kọ́. July 2000 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà, nígbà tí owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní GST wọlé. 7,000 dọ́là ni nígbà náà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀. Ní Victoria tí mo wà, 10,000 ni, ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé rí nìkan ló wà fún, iye ilé náà kò sì gbọ́dọ̀ ju 750,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń sá lọ sí Tarneit àti Melton, lẹ́yìn odi Melbourne, níbi tí ọ̀dà títì ṣì ń rùn.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gùn, àmọ́ ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ṣé o ti pé ọmọ ọdún 18? Ṣé ọmọ onílùú ni ẹ́, àbí o ti gba PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń rà á, kí ẹnì kan ní in ti tó. Ṣé ìwọ tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé bíi tọkọtaya ti nílé rí? Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Mo nílé ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Kí n má purọ́, líńtẹ̀lì ló dé dúró, páànù kankan kò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ni à ń pè é. Òru mẹ́ta ni mi ò fi rí oorun sùn kí ọmọkùnrin kan ní báńkì tó ní kí n tún ìlà náà kà: ilé ní Ọsirélíà ni wọ́n ń béèrè. Ti Àkóbọ̀ kò kàn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan kò ríre tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọkọ àkọ́kọ́ ti jọ ra ilé ní Perth, ní Ọsirélíà níbí, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fọ́dún mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ kò ní bíríkì kan láyé yìí, síbẹ̀ kò rí owó náà gbà.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Àkóbọ̀ yàtọ̀. "Ọmọ ta ni ẹ́? Agbo ilé wo?" Mọ́gàjí mọ bàbá bàbá mi, ó sì bu owó ilẹ̀ náà kù lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu sẹ́ǹtì kan kù fún mi ní Melbourne torí bàbá bàbá mi. A rìn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n fi pèrègún hàn mí nígun mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin buwọ́ lùwé. Nígbà tó di oṣù kẹfà lẹ́yìn ìyẹn, ojúlé mìíràn nínú ẹbí kan náà dé, wọ́n ní ìpín àwọn ni. Mo tún san. Wọ́n sì fa pèrègún kan tu.

Kì í ṣe pé ìjọba tiwa kò ní nǹkan kan. Láti 1992 ni òfin National Housing Fund ti wà. Àbúrò ìyàwó mi, tíṣà ni, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Ó lè fi yá owó ilé pẹ̀lú èlé tí kò wọ́n, àmọ́ gbèsè ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n sì máa béèrè ìwé ilẹ̀ tó dúró. Ìwé ẹbí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ wa. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Kí ìwé ẹbí tó di C of O, ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, wàá mọ ọ̀nà Agodi, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, bí ẹni mọwó.

Èmi ò fojú kan 10,000 náà. Báńkì ló gbà á, ó sì kó o fún kọ́ńtírátọ̀ nígbà ìsanwó àkọ́kọ́. "Ta lo fún lára ẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọn ò gbà mí gbọ́ títí di òní.

Ohun tó ṣòro ni òfin gbígbé. Láàárín oṣù 12 tí ilé bá parí, o gbọ́dọ̀ kó wọ̀ ọ́, kí o sì gbé ibẹ̀ fún oṣù 12 gbáko. Tó o bá fi háyà dípò kó o gbé ibẹ̀, wàá dá owó padà, wọ́n sì lè fi ìtanràn kún un, wọ́n sì máa ń wádìí. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni mo rántí pé mi ò tíì sùn ní Àkóbọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan rí, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá màá sùn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. "Ilé yìí kì í ṣe títà" ṣì wà lára ògiri, òjò ti nu ìdajì rẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀. "Àwọn wọ̀nyí ti lé lọ́dún kan níbí," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni, àwọn ni wọn ì bá fún lówó."