Eyín ọ̀yà

Bàbá Ọdẹ gbé ọ̀yà kan wá sílé wa ní Òmù-Àrán láàárọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀, ló bá figbe ta: "Àǹtí, beaver tí mo wò lórí fóònù rèé! Ẹ wo eyín pupa rúsúrúsú!"

Eyín wọn jọra lóòótọ́. Àmọ́ Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ni beaver ń gbé; ìrù tiẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí àbẹ̀bẹ̀, eyín ló sì fi ń gé igi lulẹ̀ láti sé odò.

"Ó tún máa ń fi ìrù gbá omi tẹ́rù bá bà á," ọmọ náà ní.

Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ni tiwa fi ń lu ilẹ̀, gbì! Tó bá ti jẹ àgbàdo mi lóru tán nìyẹn."

Ìyá mi ò dá sí i. Ó ti gbé omi tí a ó fi họ irun rẹ̀ kaná.