Gbogbo wọn ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ o. Ìtàn tí mo ti ń kọ látèṣí yìí, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí WhatsApp, ìgbà tí mo délé ẹ̀ ní Sọ́ńdè ló bá fi àtàǹpàkò bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ó ní "ó yá, kà á, ta ló ń sọ èyí?" Ẹ gbà mí, èmi tí mo kọ ọ́ ò mọ̀! Ìyá aláta o, kọ́ńdọ̀ o, ọmọ yunifásítì o, gbogbo wọn ló ń pòwe bíi bàbá àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ lo kàn ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ jàre."

Ohun tí mo kọ́kọ́ sáré ṣe ni pé mo sọ kọ́ńdọ̀ di ọmọ Ìbàdàn, mo wá yọ àmì abẹ́ gbogbo ṣ tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde, "sé kò sí, kí ló selẹ̀, sé sénjì wà." Ojú ìwé méjì péré, ó ti sú èmi fúnra mi. Ó ti di aláwàdà. (Ará Ìbàdàn, ẹ má bínú o.) Ẹyọ "sé" nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un báyìí, ó tó.

Mo wá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní wàhálà kan náà: wọ́n jẹ gbèsè, olówó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ yunifásítì ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá fi máa di Fúráìdè màá ti ṣe tiránsífà yẹn, nẹ́tíwọ̀kì ló ń dà mí láàmú." Kọ́ńdọ̀ ní "owó wo? Sé ọkọ̀ jáde lónìí ni?" Ìyá aláta ò tiẹ̀ dárúkọ owó rárá, ó ní "háà, ìyá Bọ́lá, ẹ wọlé kẹ̀, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ wo tòmátò tí wọ́n kó fún mi ní Mile 12, ìdajì apẹ̀rẹ̀ ló ti jẹrà."

Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò purọ́, kò sì sanwó. Ìyá kan tí mo máa ń ra ata lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo ti jí èyí, béèyàn bá bi í pé èló ni, "èló lẹ fẹ́ rà?" lá á fi dáhùn.

Wàhálà tó kù ni pé ìyá aláta inú ìtàn mi ò fẹ́ dákẹ́ mọ́. Orí kẹta tó yẹ kó jẹ́ ti kọ́ńdọ̀, ó ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.